Èmi Ni Mo Máa Ń Sáìn fún Un

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà láyé. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ló gbà á, kò sì po ọṣẹ rí, kò gé e, kò dì í. Èébú ló ń dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti lọ sórí péèjì ilé iṣẹ́ náà lórí ayélujára, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọṣẹ yín kò hó, ọṣẹ yín ta mí lójú, Ọlọ́run á dá a fún yín, òun ló máa rọra tẹ̀ ẹ́ padà pé, "Ẹ ṣé tí ẹ kàn sí wa. Ó dùn wá púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́." Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà nídìí ẹ̀. Adáhùn ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, títí kan ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Ẹ má wò ó pé ẹnu rẹ̀ dùn lórí péèjì o. Lójúkojú, ẹnu yẹn mú ju abẹ lọ. Èébú tó bá gbé mì láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ pọ̀ ọ́ sí ẹnìkan lára kí ó tó sùn, ẹni tó sì wà nítòsí jù ni àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé.

Kékeré ni wọ́n ń pe àbúrò yìí nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó sì fi orí kan ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Àmọ́ lórí ayélujára, Akígbe ni. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ènìyàn ló ń tẹ̀lé e níbẹ̀, nítorí pé tí wọ́n bá rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ níbikíbi, Akígbe ló máa kọ́kọ́ gbé e síta. Ìyẹn dára bẹ́ẹ̀, àfi lọ́jọ́ tí igbe rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé tiwọn. Ó ya àwòrán ọwọ́ ogún obìnrin tó ń di ọṣẹ nílé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ nìkan, kò fi ojú ẹnikẹ́ni hàn. Ọwọ́ tó bó, ọwọ́ tó sán, èékánná tó ti ṣí kúrò lórí ìka. Gbólóhùn kan ló kọ sábẹ́ rẹ̀: "Wọn ò fún wọn ní ìbọ̀wọ́."

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn ṣọ́ọ̀bù ti ń dá páálí ọṣẹ padà. Kí oṣù tó parí, àwọn ènìyàn ò rí ohun mìíràn kọ sórí péèjì ilé iṣẹ́ náà mọ́ ju "ẹ ra ìbọ̀wọ́" lọ. Ẹ ra ìbọ̀wọ́, ẹ ra ìbọ̀wọ́, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ọ́fíìsì bá tì. Adáhùn á dáhùn ọ̀kan, ogún mìíràn á ti wọlé. Ohun tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé gbogbo ọ́fíìsì ló mọ ọmọ ìyá ẹni tó dá a sílẹ̀. Tó bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń po tíì, ọ̀rọ̀ á kú mọ́ wọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin yìí kì í pariwo, ìyẹn ló sì burú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń fi gègé ìkọ̀wé rẹ̀ ti ọṣẹ kan sọ́tùn-ún sósì lórí tábìlì bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Àbúrò rẹ ló tan iná yìí, òun náà ló máa pa á," ọ̀gá wí. "Kó gbé ọṣẹ wa dání, kó rẹ́rìn-ín, kó ní òun ń lò ó. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Tí kò bá tíì ṣe é kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, kí ìwọ náà lọ wá ibòmíràn tí wàá ti máa dáhùn."

"Ṣé ẹ máa wá ra ìbọ̀wọ́ fún wọn ni, sà?"

"Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tìẹ."

Adáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó jáde. Kí ló tún fẹ́ sọ? Ẹni ọdún méjìlélógójì tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò rí rí, ta ló fẹ́ gbà á?

Nígbà tó délé, Kékeré wà nídìí síǹkì, ó ń fọ abọ́, ó ń kọrin lábẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àjọ kan dé, àwọn tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, tí wọ́n pè é wá fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wá iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ mẹ́fà ló ti kọ̀ ọ́ nítorí ohun tó ń kọ sórí péèjì rẹ̀. Wọn á ní ìwé rẹ̀ dára, wọn á lọ wo Akígbe, wọn ò sì ní í pè é mọ́.

"Àǹtí mi, àwọn tòní yàtọ̀," Kékeré wí. "Wọ́n ní àwọn ti ka péèjì mi látòkè délẹ̀, ohun tí àwọn ń wá gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tí kò ṣeé rà ni àwọn fẹ́. Ó ku ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí mò ń retí."

Ẹni tó bá ní ojú àánú á kọ́kọ́ bá a yọ̀ ná. Adáhùn ò yọ̀. Ó ju báàgì sórí àga, ó sì ro ẹjọ́ ọ̀gá látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kékeré nu ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ àwọn obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Ọwọ́ tèmi ńkọ́? Ta ló san owó ilé ìwé rẹ? Ọṣẹ yẹn náà kọ́ ni? O jẹ ẹ́, o wọ̀ ọ́, o fi kàwé, o wá yí padà ń tutọ́ sí i."

"Mo mọ̀, mà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dárúkọ yín síbẹ̀."

"Ṣé kí n kúnlẹ̀ fún ẹ ni?"

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Mi ò ní í ṣe é ni."

Bó ṣe sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ yẹn ló ta Adáhùn jù. Ká ní ó pariwo ni, wọn ì bá jọ pariwo, kó tán síbẹ̀. Àmọ́ ọmọ náà yí padà sídìí abọ́, ó ń fọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Kékeré nígbà tí ìyá wọn kú. Adáhùn jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Láti ọjọ́ náà, níbikíbi tí wọ́n bá ti kọ "òbí tàbí alágbàtọ́", ọwọ́ Adáhùn ló ń lọ síbẹ̀. Ìwé èsì ìdánwò, òun ló buwọ́ lù ú. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ náà, òun ló buwọ́ lù ú, tòun ti omijé lójú. Yunifásítì pàápàá, nígbà tó ti yẹ kí ọmọ máa ṣe é fúnra rẹ̀, Adáhùn á ní, "Mú un wá, kí n bá ẹ sáìn ín." Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ rí rọbọtọ níwájú, ó fa ìrù gígùn lẹ́yìn, ó sì fi ilà méjì tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Àwọn olùkọ́ ọmọ náà mọ̀ ọ́n ju ojú rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù ka iwájú rẹ̀, fọ́ọ̀mù tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá máa lo àwòrán rẹ̀ fún ìpolówó buwọ́ lù kí wọ́n tó lò ó, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Kò gbọ̀n rárá. Wọ́n kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sókè, àyè wà nísàlẹ̀. Ó fa rọbọtọ, ó fa ìrù, ó fa ilà méjì. Nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń wí pé, èmi kọ́ ni mo tọ́ ọ? Á bínú lónìí, á bínú lọ́la, á jẹun lọ́tùnla.

Àwòrán wà nínú fóònù rẹ̀ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ọjọ́ tí Kékeré ṣe ìdánwò àṣekágbá ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ da pàúdà lé e lórí, ó wá ń bọ́jú nídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé, ọṣẹ lọ́wọ́, ìfóòfó lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orúkọ ọṣẹ náà hàn ketekete. Adáhùn kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọṣẹ tí wọ́n fi wẹ̀ mí dàgbà rèé, òun náà ni mò ń lò. Èmi, Akígbe."

Ó ku ohun kan. Òfin tún ní ìpolówó tí wọ́n bá sanwó fún gbọ́dọ̀ ní "ÌPOLÓWÓ" lókè pátápátá, níbi tí ojú ti máa kọ́kọ́ rí i. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ní kó gbé e sísàlẹ̀, kó to àmì ìdánudúró ogún ìlà ṣáájú rẹ̀.

"Wọn ò ní í rí i níbẹ̀, sà."

"Ṣé ó wà níbẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Tó bá ti wà níbẹ̀, ó parí."

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé e síta. Kó tó di ọ̀sán, nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn ará orí ayélujára: ẹni tí wọ́n gbé gẹ̀gẹ̀ lánàá ni wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ jù lónìí. "Akígbe ti gba tiẹ̀." "Ebi ló ń pa á tẹ́lẹ̀, kì í ṣe igbe." "Ọ̀dàlẹ̀." Ẹnìkan bú ìyá wọn tó ti kú, èyí tó jẹ́ ìyá Adáhùn náà. Obìnrin kan sì kọ ọ́ pé, "Ọwọ́ mi wà nínú ogún ọwọ́ yẹn. Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ yìí."

Ta ló sì máa dáhùn gbogbo rẹ̀? Iṣẹ́ ta ni? Adáhùn jókòó síbẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dàlẹ̀: ẹ ṣé tí ẹ kàn sí wa. Ebi ló ń pa á: ẹ ṣé tí ẹ kàn sí wa. Nígbà tó dé orí ti obìnrin ọlọ́wọ́ bíbó yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí. Ó wá tẹ̀ ẹ́ pé, "Ó dùn wá púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́." Ọ̀gá kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ó káre.

Ní ìrọ̀lẹ́, Kékeré wà lórí àga nínú pálọ̀, ó fi fóònù sórí ẹsẹ̀, fóònù ń gbọ̀n láìdákẹ́. Kò bú sẹ́kún. Ó na fóònù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó kà á. Àjọ yẹn ló kọ̀wé: àwọn ti tún péèjì rẹ̀ wò, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n irú ẹni tí àwọn ń wá kọ́ ni.

"Ta ló fún wọn ní àwòrán yẹn?"

"Èmi ni."

"Wọn ò lè lò ó láìjẹ́ pé mo sáìn. Ta ló sáìn ín?"

"Ta ló máa ń sáìn fún ẹ?" Adáhùn wí, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí. Èmi ni mo máa ń sáìn fún ẹ."

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí."

"Bó o bá pé ọgọ́rùn-ún, ó kàn mí."

Kékeré mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ lọ sórí péèjì yín nísinsìnyí, kí ẹ kọ ọ́ pé èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

"Kí iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi?"

"Tèmi ti bọ́."

"Ìwọ ò tíì ní iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí èèyàn ò ní, ṣé ó máa ń bọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò lè dárí jì í, èmi tí mò ń sọ ìtàn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kékeré dìde, ó wọ yàrá, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò kan. Adáhùn tẹ̀lé e káàkiri inú ilé, ó ń pè é ní aláìmoore, ó ń ka ohun gbogbo tó ti ṣe fún un, láti orí bàtà ilé ìwé títí dórí ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ náà gbé àpò kọ́ èjìká. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó ọjà. Akígbe ti fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa jókòó lé e, ọ̀gá fa Adáhùn sápá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Tí wọ́n bá bi ọ́, o ò mọ nǹkan kan," ó wí. "Ẹni tó jẹ́ olórí ẹ̀ka rẹ ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀. Mo kàn sọ ọ́ ni."

Yàrá náà kéré. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, àti fáànù tó ń ké. Obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ gíláàsì ló jókòó lórí ìjókòó adájọ́. Ọ̀gá àti lọ́yà rẹ̀ wà lápá kan, Adáhùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí Kékeré wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń kí ìyá ẹlòmíràn. Ó ti rù. Adáhùn fẹ́ bi í bóyá ó ti jẹun, ó sì rántí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí òun jókòó sí.

Lọ́yà dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ ìpolówó wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá ní ojú wo ìsàlẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin yìí fúnra rẹ̀ ló gbà kí wọ́n lo àwòrán òun, fọ́ọ̀mù rẹ̀ nìyí.

"Èmi kọ́ ni mo buwọ́ lù ú," Kékeré wí.

Obìnrin onígíláàsì ti ìwé ẹ̀sùn sí i. "Ìwọ náà ò tíì buwọ́ lu tìẹ. Buwọ́ lù ú níbí, lójú mi."

Kékeré mú gègé. Rọbọtọ níwájú, ìrù gígùn lẹ́yìn, ilà méjì nísàlẹ̀.

Adáhùn sún mọ́ tábìlì. Ní gbogbo ọdún tó fi ń buwọ́ lùwé fún ọmọ yìí, kò rí i rí kó buwọ́ lu ohunkóhun fúnra rẹ̀. Obìnrin onígíláàsì gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wò wọ́n, ó tún wò wọ́n. Lọ́yà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀kan náà ni wọ́n," obìnrin náà wí.

"Wọ́n jọra ni, mà," Kékeré wí, ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìwé èsì ìdánwò mi ni mo fi kọ́ ọ. Màá gbé pépà lé e lórí, màá máa tẹ̀lé e."

"Ìwé èsì tí ta ló buwọ́ lù?"

Kékeré tẹjú mọ́ ìwé náà. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó máa dá a láre wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sọ ọ́, torí pé ó mọ orúkọ tí òfin ń pe ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe.

Obìnrin náà bọ́ gíláàsì. "Gbọ́ mi, ọmọ yìí. Tó bá jẹ́ ìwọ lo buwọ́ lù ú, a jẹ́ pé ìwọ náà wà nínú ìpolówó tí wọ́n fi pamọ́ fún aráàlú, o sì tún wá purọ́ níwájú wa. A máa ti péèjì rẹ. A máa kọ orúkọ rẹ jáde pẹ̀lú ti wọn. Mo tún bi ọ́, ta ló buwọ́ lu ìwé èsì rẹ?"

Fáànù ń ké. Ọ̀gá wúkọ́, ikọ́ tí kò sí nínú àyà rẹ̀. Adáhùn ń wo ìbuwọ́lùwé méjèèjì náà. Ó rántí ọmọ kan tó dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀ pálọ̀, tó yọ ahọ́n síta, tó ń fi lẹ́ẹ̀dì tẹ̀lé nǹkan kan lábẹ́ pépà. Ó rántí pé òun jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ náà pé kó dìde nílẹ̀, kó lọ gbálẹ̀. Ojú tì í.

"Èmi ni," ó wí.

Lọ́yà yíjú sí i. "Màdáámú, ẹ rò ó dáadáa. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ayédèrú ni. Èmi ni mo buwọ́ lu ìwé èsì, èmi náà ni mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn. Mi ò bi í. Ó ti kọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó kọ̀. Ẹni tó ní kí n fi ọ̀rọ̀ ìpolówó pamọ́ sísàlẹ̀ ló ń wúkọ́ yìí."

Ikọ́ dá lójijì. Obìnrin onígíláàsì ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Adáhùn kọ ọ́. Ó mọ̀ pé bí òun ṣe ń kọ ọ́ ni iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ń lọ, ó sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ nìkan kọ́ ló máa lọ. Kò dá ọwọ́ dúró. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó buwọ́ lù ú, wọ́n sì tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ìrù gígùn mẹ́ta, ilà méjìméjì.

Ó wá gbójú sókè, ó ń wá ojú àbúrò rẹ̀. Kò retí ọpẹ́. Kó kàn wo òun lásán ló fẹ́.

Kékeré na ọwọ́, ó fa ìwé tirẹ̀ jáde láàárín wọn. "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ fún mi ní pépà mìíràn. Mo fẹ́ pààrọ̀ ìbuwọ́lùwé mi."

Obìnrin náà ní kò pọn dandan mọ́, ọ̀rọ̀ ti yé àwọn.

"Ó pọn dandan, mà."

Wọ́n fún un. Ó da gbogbo ẹ̀sùn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo yàrá sì ń dúró dè é. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó fẹ́ fa rọbọtọ, ó dáwọ́ dúró, ó rò ó. Ó wá ń kọ nǹkan kan síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le gan-an, bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Adáhùn na ọrùn kó lè rí bó ṣe rí, ṣùgbọ́n Kékeré ti da ojú pépà náà délẹ̀, ó sì tì í sọ́dọ̀ obìnrin onígíláàsì.